Páìpù Tábà Tuntun Tó Ń Korò Lẹ́nu: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Ìkorò Yẹn Ti Ń Wá

Àìmọye èèyàn ló máa ra páìpù tábà tuntun, wọ́n á ko tábà sí i, wọ́n á tanná sí i, ìfà àkọ́kọ́ báyìí, ó ti korò bí oróǹro. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì, tàbí pé igi burúkú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé kí n bá àwọn wò, igi kì í sábà jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n kùn sínú ẹ̀, omi tó wà nínú tábà, àti ìkánjú ẹni tó ń fà á ló máa ń fa wàhálà jù. Torí náà kẹ́ ẹ tó da ohunkóhun sínú páìpù yẹn, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìkorò náà ti ń wá.

Ẹ fà á lófìfo ná, láìsí tábà, láìsí iná. Tí nǹkan bá ti ń korò lẹ́nu yín báyẹn, ẹnu páìpù tàbí ihò tí èéfín ń gbà kọjá ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé gbàrà tẹ́ ẹ tanná sí i ló korò, tó wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á jẹ́ pé ohun tí wọ́n kùn sínú ihò tábà ló ń jó. Tó bá dáa níbẹ̀rẹ̀, tó wá di kíkorò nígbà tó dé àárín, tó sì ń dún gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀ bíi pé omi wà nínú ẹ̀, omi ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Tó bá sì jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ti ń korò, igi tí iná ò tíì kàn rí ló wà níbẹ̀, ìyẹn máa lọ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa igi náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú páìpù onígi, briar ni, kókó ńlá tó máa ń wà nídìí igi kan tí orúkọ ẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko ń jẹ́ Erica arborea, tó ń hù káàkiri agbègbè Òkun Mẹditaréníà. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, wọ́n á bọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje ara ẹ̀ àti tannin, ìyẹn èròjà inú igi tó máa ń korò, lè jáde, lẹ́yìn náà wọ́n á sá a gbẹ fún oṣù mélòó kan, àwọn míì fún ọdún. Tẹ́ni tó ṣe é bá kánjú níbi bíbọ̀ àbí níbi sísá, oje yòókù á máa jáde nígbà tíná bá kàn án, òun lẹ ó sì máa tọ́ wò. Kò sí oògùn kankan fún irú èyí ju pé kẹ́ ẹ máa rọra mu ún títí tí oje yẹn á fi tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n kùn sínú ẹ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá wo inú ihò tábà tó dúdú kirikiri nígbà tẹ́ ò tíì lò ó rárá, èédú lílọ̀ ni wọ́n pò mọ́ nǹkan tó ń lẹ̀, wọ́n kùn ún síbẹ̀ kí iná má bàa jó igi. Àwọn kan dáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àwọn kan sì burú gan-an. Nígbà míì, àwọ̀ tí wọ́n fi pa ara páìpù láró ló ṣàn wọnú ihò, ìyẹn ló sì máa ń korò jù lójú tèmi. Ẹ mú bébà ìnùdí tàbí aṣọ funfun, ẹ fi ọtí líle tí wọ́n ń mu rin ín díẹ̀, ẹ fún un dáadáa, kẹ́ ẹ fi nu inú ihò náà títí tí aṣọ ò fi ní mú àwọ̀ jáde mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú kó lè gbẹ. Ọtí yẹn ò gbọdọ̀ kan ara páìpù níta torí ó máa bó dídán ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo sípírítì tí wọ́n ń dáná tàbí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, májèlé wà nínú ẹ̀. Ọṣẹ náà, rárá. Ọ̀bẹ ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e síbi tẹ́ ẹ ti mú un.

Ẹnu páìpù: tó bá jẹ́ rọ́bà líle dúdú ni, imí-ọjọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, tí oòrùn bá ti ń pa á lójú fèrèsé ilé ìtajà, ó máa ṣá, á máa ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé, á sì korò. Ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń dán nǹkan nù ún títí á fi dúdú padà, kẹ́ ẹ fọ ohun tẹ́ ẹ fi dán an náà kúrò. Ẹ tún ti wáyà onírun tí wọ́n fi ń fọ páìpù bọ inú ihò èéfín, torí eruku igi tí wọ́n lu máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ má yọ ẹnu páìpù nígbà tó ṣì gbóná o, ó lè já tàbí kó máa yọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi, èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù. Tábà tó tutù jù kì í jó dáadáa, ṣe ló máa ń hó, ooru omi yẹn á gbé gbogbo oje tábà sí ahọ́n yín, ahọ́n á máa ta yín, ẹ ó sì máa sọ pé páìpù korò. Ẹ fi ìka méjì fún tábà díẹ̀, tó bá lẹ̀ pọ̀ tí kò tú, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, kẹ́ ẹ tún wò ó. Àwọn tábà tí wọ́n fi adùn sí ni tiwọn le jù, torí ohun tí wọ́n fi sí i kì í jẹ́ kí omi inú ẹ̀ tètè lọ. Tẹ́ ẹ bá ń kó o sínú ihò, ìsàlẹ̀ kó fúyẹ́, òkè ni kó le díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣáná lẹ lò, ẹ jẹ́ kí orí ẹ̀ jó tán kẹ́ ẹ tó gbé e débẹ̀, tó bá sì jẹ́ láítà, kí ó má jẹ́ ti pẹtiróòlù, òórùn ẹ̀ á wọlé tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí ara páìpù bá gbóná débi tẹ́ ò lè fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀ kó kú, kẹ́ ẹ tún un tàn tó bá yá. Tó bá ti ń dún gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀, ẹ ti wáyà onírun bọ̀ ọ́ kó fa omi yẹn mu. Kí n sì sọ ọ́ síbí, páìpù tí kò korò ò túmọ̀ sí páìpù tí kò léwu, jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun ń bá tábà páìpù rìn, kódà fẹ́ni tí kì í gbé èéfín mì.

Ní ti ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa mu páìpù tuntun, àwọn kan ní kẹ́ ẹ ko tábà dé ìdajì ihò ní ìgbà mélòó kan, àwọn míì ní kẹ́ ẹ kó o kún. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tá a ń wá ni pé kí èédú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ihò, kó dé ìsàlẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 1.5 ti tó, tó bá nípọn jù ó lè la igi. Ẹlòmíì máa ń fi oyin pa inú ẹ̀ kí èédú lè tètè mú, èmi ò kí ń ṣe é torí ṣúgà tó bá jó náà ń korò.

Ti páìpù tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo ṣe, wọ́n sábà máa ń ti ọ̀pá igi kan gba ìsàlẹ̀ wọnú ihò, orí ọ̀pá yẹn á jó, á sì rùn ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́, ó máa kọjá. Páìpù meerschaum, ìyẹn èyí tí wọ́n fi òkúta funfun kan tó fúyẹ́ gbẹ́, ò fẹ́ èédú rárá, nínù gbígbẹ nìkan, kò fẹ́ ọtí.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo eléyìí, tẹ́ ẹ sì ń jẹ́ kí páìpù sinmi odidi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó tún un mu, tó ṣì ń korò síbẹ̀, ẹ fi tábà míì dán an wò. Tí tàkọ́kọ́ àti èkejì bá korò bákan náà, ẹ dá a padà fẹ́ni tó tà á.