Ẹni tó lé ẹṣin kúrò nínú igbó Oǹdó

Bí wọ́n bá bi èèyàn ní Àkúrẹ́ pé kí ló dé tí Ọ̀yọ́ fi ń gun ẹṣin jagun tí tiwa ò fi rí bẹ́ẹ̀, "igbó dí jù" ló máa sọ, tàbí kó nawọ́ sí òkè Ìdánrè. Àlàyé yìí máa ń bí mi nínú. Ọ̀nà tí aláàárù bá ru ẹrù gbà, ẹṣin náà lè gbà á. Eṣinṣin tsetse tó fẹ́ràn òjìji igi ló fa gbogbo ẹ̀.

Akọ tsetse, abo tsetse, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu. Bó bá mu ti ìgalà, kòkòrò tín-ín-tín kan lè bá a wọlé. Kòkòrò yìí á dàgbà nínú eṣinṣin náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, lẹ́yìn náà ni á bá itọ́ rẹ̀ wọ ara ẹṣin. Ìgalà ti mọ́ ọn lára. Ẹṣin ò lè fara dà á.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Aṣọ bo kòkòrò yìí látòkè délẹ̀, bí egúngún nínú ẹ̀kú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin á dá ẹ̀kú náà mọ̀ ju atọ́kùn lọ, á sì máa pa gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Ibà tó ti mú ẹṣin á rọlẹ̀, ẹlẹ́ṣin á ní ó ti yá. Àṣé àwọn eégún díẹ̀ ti wọ ìgbàlẹ̀ lọ pààrọ̀ ẹ̀kú! Àwọn wọ̀nyí á bí sí i, ibà á padà, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ẹ̀kú tó ju 1,000 lọ ló sì wà nínú àpótí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹṣin á máa dín kù, ìhà á yọ, ikùn á wú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa wọ́ nílẹ̀ títí tí á fi ṣubú. Ìdí nìyí tí kò tíì fi sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un: ẹ̀kú wo la fẹ́ kọ́ ara láti dá mọ̀?

Ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ò bọ́ níbẹ̀, ìyẹn lorí èèyàn fi ń gbé ẹrù la igbó já kí mọ́tò tó dé. Ọ̀yọ́ pàápàá, nínú ọ̀dàn tó wà, láti òkè Ọya ló ti ń ra ẹṣin rọ́pò èyí tó kú, ọ̀nà Ẹ̀gbádò tí ọ̀dàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkun ló sì ń gbà lọ sétí òkun. Ogun tó gbára lé ẹran tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àjèjì, mi ò rò pé ó dúró re. Ti màlúù Muturu kékeré yàtọ̀ ní tiẹ̀: ó ti bá eṣinṣin yìí gbé pẹ́, ó ń fara da àìsàn náà.

Ẹṣin tí a ń rí níbi òkú àgbà ní Àkúrẹ́ lónìí, oògùn àti igbó tí a ti gé ló ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.