Bí Yíyọ Férémù Ààrò àti Títún Ògiri Ṣe Ṣe Di Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àárín ilé gan-an ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dáná sí, tí èéfín á máa rá pálá lọ sókè títí á fi rí ojú ihò òrùlé gbà jáde. Ẹni tó bá dé Penshurst Place ní agbègbè Kent lónìí ṣì lè fojú rí irú ààrò bẹ́ẹ̀ láàárín gbọ̀ngán tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1341. Àwọn Norman, tó wá láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kọ́ ààrò sínú ògiri ilé olódi wọn ṣáájú àkókò yẹn, ṣùgbọ́n ilé ọlọ́lá nìkan ni ó wà. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ààrò ara ògiri, pẹ̀lú ihò èéfín oníbíríkì tó yọrí lókè òrùlé, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wọ ilé àgbẹ̀ àti ilé oníṣòwò. Ó gbilẹ̀ débi pé ìjọba Ọba Charles Kejì bu owó orí lé e ní ọdún 1662, ṣílè méjì lórí ààrò kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ará ìlú sì kórìíra owó náà títí wọ́n fi fagi lé e ní 1689.

Ìgbà tí ààrò wọ inú ògiri ni férémù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń yí ẹnu ihò rẹ̀ ká, di dandan. Ẹnu ihò tí bíríkìlà fi sílẹ̀ kì í dán. Etí bíríkì á hàn síta, ibi tí sìmẹ́ńtì ìrẹ́lé ti pàdé bíríkì á máa sán nítorí ooru, ẹ̀ta iná á sì máa fò lọ sára pákó tó bá wà nítòsí. Òkúta tàbí igi tí wọ́n fi yí ẹnu ihò ká ló bo gbogbo àlébù yìí, kò sì pẹ́ tí ibẹ̀ fi di ibi tí onílé ti ń fi ọlá hàn. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Inigo Jones, ayàwòrán ilé, mú ìrísí òpó àti àtẹ́rígbà tó rí ní Ítálì wá sí ẹnu ààrò àwọn ààfin. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Robert Adam àti àwọn arákùnrin rẹ̀, tí àwọn náà jẹ́ ayàwòrán ilé, fi òkúta mábù ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé kò sí ẹni tó ṣe ẹnu ààrò dáradára jù wọ́n lọ.

Ẹni tó sọ títún ẹnu ààrò ṣe di iṣẹ́ tó kárí ìlú ni Benjamin Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tí ayé mọ̀ sí Count Rumford. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1796, ó ṣàlàyé pé igi ńláńlá ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àwọn ààrò ìgbà náà, wọ́n sì fẹjú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ooru ń bá èéfín lọ sókè nígbà tí òtútù ń mú àwọn tó jókòó síwájú iná. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n mú ẹ̀yìn ààrò súnmọ́ iwájú, kí wọ́n dá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ sí ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ooru lè ta padà sínú yàrá, kí wọ́n sì dín ọ̀nà ọ̀fun èéfín kù sí nǹkan bí ínṣì 4. Láti ṣe èyí, àwọn bíríkìlà ní láti mọ bíríkì tuntun sínú ihò àtijọ́, kí wọ́n sì rẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà ni ihò ti ń gbé inú ihò: ẹni tó bá tú ààrò ilé àtijọ́ kan lónìí lè kan ìpele kan lẹ́yìn èkejì kó tó dé ẹnu ihò tí ẹni tó kọ́ ilé náà fi sílẹ̀.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló sọ èédú ilẹ̀, irin tí wọ́n yọ́ dà, òkúta síléètì Wales tí wọ́n kùn bíi mábù, àti táìsì aláràbarà láti ilé iṣẹ́ bíi Minton di ohun tó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ férémù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń yọ lóde òní jẹ́ ti àwọn ọdún 1930. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe wọ́n ní odidi, táìsì níwájú, kọnkéré lẹ́yìn, wọn á sì gbé e wá sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Etí irin pẹlẹbẹ tó lójú ihò ni wọ́n rì mọ́ kọnkéré rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Wọ́n fi sìkúrúù kan etí náà mọ́ bíríkì ògiri, wọ́n sì rẹ́lé bò ó, kò sì hàn mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú họ sìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ní ìbú bí ìka méjì tàbí mẹ́ta, títí á fi rí irin náà. Tó bá ti tú sìkúrúù, férémù náà lè dà wá síwájú lójijì, ó sì wúwo gan-an; ènìyàn méjì ló ń dì í mú.

Ohun tó sọ iṣẹ́ yìí di ti gbogbo àdúgbò ni èéfín tó bo Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, tó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1956, ilé aṣòfin ṣe Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́, tó fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ka èéfín èédú léèwọ̀ ní àgbègbè tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n sì san ìdá 7 nínú 10 owó tí onílé bá fi tún ààrò rẹ̀ ṣe padà fún un. Ní 1965 wọ́n rí gáàsì lábẹ́ Òkun Àríwá, láàárín 1967 sí 1977 sì ni wọ́n yí àwọn ohun èlò ilé káàkiri Ìlú Ọba padà kí wọ́n lè lo gáàsì yìí. Ọ̀pọ̀ ilé kò nílò iná inú ògiri mọ́. Àwọn kan fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu ààrò. Àwọn mìíràn fọ́ mábù àti síléètì tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì kó o dànù. Àdánù ńlá ni lójú mi, òfin sì ti ń dáàbò bo èyí tó ṣẹ́ kù: nínú ilé tí ìjọba bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìtàn, apá kan ilé ni ààrò jẹ́, ẹni tó bá sì yọ ọ́ láìgba ìyọ̀ǹda ti rú òfin ọdún 1990. Òkùnfà ìṣọ́ra mìíràn tún wà. Okùn tí wọ́n fi dí àlàfo láàárín férémù àti bíríkì ẹ̀yìn iná máa ń jẹ́ asbestos, òkúta onífọ́nrán tí iná kì í jó, èyí tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí wọ́n sì fòfin dè pátápátá ní 1999. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí òòlù tó kàn án.

Títún ògiri ṣe ló gba ọgbọ́n jù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó dí ààrò nígbà tí gáàsì dé ti kù káàtó jù lọ. Ọ̀pọ̀ wọn dí ihò náà pa nísàlẹ̀ láìfi ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, tí ẹnu ihò èéfín lókè sì ṣí sílẹ̀ fún òjò. Omi tó bá wọlé kò rí ọ̀nà gbẹ. Ó ń yọ́ iyọ̀ tí èéfín èédú ti fi sínú bíríkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fà á wá sójú ògiri. Iyọ̀ yìí tún máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, débi pé àbàwọ́n aláwọ̀ igi á máa yọ lórí ọ̀dà tuntun bí wọ́n tilẹ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń gbá ihò náà mọ́ dáadáa, tí wọ́n ń mọ bíríkì dí i kí eyín rẹ̀ wọnú eyín bíríkì àtijọ́, tí wọ́n ń fi ojú afẹ́fẹ́ kan sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìdérí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá ṣùgbọ́n tí kò gba òjò láàyè bo ẹnu ihò lókè. Gbogbo ibi tí iyọ̀ ti mu ni wọ́n ń họ dé bíríkì, láìka bí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣe lè dà bí èyí tó ṣì dára sí. Nínú ilé àtijọ́, láìmù, ẹfun òkúta tí wọ́n sun, ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ nítorí pé ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, wọn kì í sì í fi ọ̀dà kan án àyàfi tó bá gbẹ dé inú.