Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Ka Ìbò Tán

Tí ìdìbò bá ti sún mọ́lé, ẹnikẹ́ni kì í sùn níléeṣẹ́ ìròyìn. À ń ka ìbò, à ń pe agbẹjọ́rò sórí rédíò, à ń wádìí ẹni tó ń léwájú. Bí wọ́n bá ti búra fún ẹni tó wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wa á sinmi, ó tún di ọdún mẹ́rin. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tó láti sọ pé àṣìṣe wa nìyẹn. Ọdún mẹ́rin àárín yẹn lèèyàn fi ń mọ̀ bóyá ìjọba tiwantiwa ń ṣe aráàlú lóore.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala 14 pé ààbò àti ìgbáyé-gbádùn aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Abala 22 fi lé àwa oníròyìn lọ́wọ́ láti rí i pé ìjọba ń jíhìn fún aráàlú. Orí Kejì ìwé òfin náà ni abala méjèèjì wà. Orí yìí kan náà ni abala 6 yọ kúrò lábẹ́ agbára ilé ẹjọ́, àfi níbi tí ìwé òfin náà bá ti sọ ohun mìíràn. Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn àdúgbò yín kò bá ní oògùn, ó ṣòro kí ẹ fi Orí Kejì pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ tí adájọ́ kò lè gbọ́, ó di dandan kí akọ̀ròyìn gbọ́ ọ.

Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ìwé ìjọba kan sọ pé wọ́n ti parí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní abúlé kan. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Ilé wà lóòótọ́, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ká ní mo ya fọ́tò rẹ̀ tí mo sì padà, kò sẹ́ni tó máa ní mo purọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ìyá kan tó ń ta gaàrí lọ́ọ̀ọ́kán ibẹ̀ pé níbo ló bí ọmọ tó gbé pọ̀n sí. Ó ní ìlú kejì ni. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń wá, ọjọ́ ọjà nìkan ló sì máa ń wá. Omi kò sí. Firíìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣófo nítorí kò sí iná mànàmáná. Ìbéèrè tí mo bi ìyá yẹn ló gbé ìròyìn náà jáde, kì í ṣe ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Síbẹ̀, ìwé ṣe pàtàkì. Iye tó wà nínú ètò ìṣúná ló máa ń tan èèyàn jẹ jù, nítorí ìlérí lásán ni. Owó tó jáde nínú àpò ìjọba lọ́tọ̀, èyí tí agbaṣẹ́ṣe gbà lọ́tọ̀, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tún lọ́tọ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn (Freedom of Information Act) tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù Karùn-ún ọdún 2011 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe akọ̀ròyìn nìkan. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun bèèrè. Ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ ìjọba tí ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Iléeṣẹ́ tó bá fi àìtọ́ kọ̀ lè san ìtanràn 500,000 náírà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti máa ń sọ pé òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n lóṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ràn ìtàn oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí ìwé ìròyìn The News tú àṣírí Salisu Buhari, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, pé kò gboyè ní fásitì Toronto bó ṣe sọ. Ó jẹ́wọ́, ó sì fipò sílẹ̀. Iṣẹ́ akin ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé irọ́ ẹnì kan ṣì rọrùn láti tú ju ti ilé ìwòsàn tí kò sẹ́ni tó jí i gbé, tí kò sì ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe gba ìròyìn tiwa náà gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Níbi ayẹyẹ ìjọba, wọ́n máa ń fún akọ̀ròyìn ní ohun tí wọ́n ń pè ní owó ọkọ̀, ó sì máa ń hàn nínú ohun tí wọ́n bá kọ. Ẹ wò ó bóyá ẹni tó kọ ìròyìn náà dé ibẹ̀, bóyá ó bá ẹni tó ń lo nǹkan náà sọ̀rọ̀, àti bóyá ó fún ìjọba náà láyè láti fèsì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ akọ̀wé gómìnà nìkan ló kún inú rẹ̀, ẹ pè wá, ẹ sọ fún wa.

Mo padà sí abúlé yẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ti di méjì, wọ́n sì ń wá lójoojúmọ́. Firíìjì kò tíì ní iná. Mo kọ ìyẹn náà.