Ìlawẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe pípín ilẹ̀

Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Kàbà, ọkùnrin kan dìde, ó ní òun fẹ́ pín ilẹ̀ òun. Pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ní gígùn. Ilé rẹ̀ wà níwájú, ẹ̀yìn ṣófo, ó sì fẹ́ yọ ẹ̀yìn náà sọ́tọ̀ kí ó lè kọ́ yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ti dé láti Lọ́kọ́ja, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n àwọn ń pín ilẹ̀, ta ni ó sì ní kí ó pín ogún bàbá lẹ́yìn àwọn. Ilẹ̀ tí ọkùnrin yìí fi owó ara rẹ̀ rà ni o. N kò bá àwọn àbúrò náà wí, nítorí ohun tí "pín ilẹ̀" túmọ̀ sí létí ọmọ Owé, ọmọ Ìjùmú tàbí ọmọ Yàgbà ni wọ́n gbọ́.

Ohun tí ọkùnrin náà ní lọ́kàn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "subdivision", kí ilẹ̀ kan di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹnìkan náà tilẹ̀ ni ó ṣì ni gbogbo wọn. Àwọn tí ó ti gbìyànjú láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹnìkan gbé "ìpín-abẹ́" wá, ó sì hàn gbangba pé ó gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí méjì, ó túmọ̀ apá kìíní, ó túmọ̀ apá kejì, ó so wọ́n pọ̀, láì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ tí a fẹ́ pín, bí kò ṣe omi àti òkú. Ẹlòmíràn ní kí a máa pè é ní "ìtúnpín". Ohun tí a pín tí kò gún ni a ń tún pín. Ẹni tí ó bá sọ èyí níwájú ẹbí tí ó ti pín ogún láti ọjọ́ pípẹ́, ẹjọ́ tí ó ti sùn ni ó ń jí. "Sọbidifíṣàn" tí àwọn alágbàtà ilẹ̀ ń sọ kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń jà lé. Ní ti "hááfù pulọ́ọ̀tì", n kò bá pulọ́ọ̀tì jà, ó ti pẹ́ láàárín wa, ó sì ti san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n hááfù ń sọ iye tí ó kù lẹ́yìn iṣẹ́, kò dárúkọ iṣẹ́ náà.

Ìlawẹ́, lílà sí awẹ́, ni èmi ń pè é. Ẹ wo àgbà tí a gbé obì àbàtà lé lọ́wọ́ níbi ìdána. Ó kọ́kọ́ pa á, obì ẹyọ kan di awẹ́ mẹ́rin, awẹ́ kọ̀ọ̀kan pé, a lè mú ọ̀kan láì ba ìyókù jẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ àgbà náà ni gbogbo rẹ̀ ṣì wà. Ìgbà tí ó bá nawọ́ sí àwọn tí ó jókòó ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kan ṣe ń di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwé awọnlẹ̀, tí kọ̀ọ̀kan ní òkúta ààlà àti ojú ọ̀nà tirẹ̀, bí ẹnìkan náà tilẹ̀ ni ó ni gbogbo wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ ní Ìsánlú, fẹ́ràn "ègé". Ègé iṣu, bí ó bá ṣe wu ọ̀bẹ ni; ilẹ̀ tí kò bá ní ibi tí yóò gbà jáde sí títì kò pé, kò sì lè jẹ́ awẹ́. Ó tún ní "pa obì" ni a ń sọ, a kì í sọ pé a la obì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹnikẹ́ni pa ilẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé àríyànjiyàn ẹnu lásán ni, ẹ wo Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978. Ẹ̀ka 36 rẹ̀ sọ nípa ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro, tí ó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn kí òfin náà tó dé, pé a kò gbọ́dọ̀ là á sí awẹ́ tàbí gé e sí pulọ́ọ̀tì; ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ohun tí à ń dúró lé. Ẹ fi "pín" túmọ̀ ẹ̀ka yìí fún àwọn ará abúlé, wọn yóò ní ìjọba ti fi òfin de ogún pípín, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀ka 24 òfin kan náà fi ogún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àṣà ìbílẹ̀.

Nígbà tí a tún pàdé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá alága, mo sọ ọ́ ní ìlawẹ́, àwọn àbúrò náà sì rọlẹ̀. Ìgbà náà ni a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ olókùúta, ibi tí kànga ti lè yọ omi kò pọ̀, ẹ̀yìn tí ọkùnrin yìí fẹ́ kọ́ sí ni ó sì sún mọ́ kànga aládùúgbò rẹ̀ jù, níbi tí sókáwéè tuntun yóò wà. Èyí tí ó le jù ni ọ̀nà: ilé iwájú gba 40 ẹsẹ̀ nínú 50, 5 ni ó kù lọ́tùn-ún, 5 lósì, ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kí aládùúgbò ọ̀tún fi díẹ̀ kún un. Ó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ la ilẹ̀ tòun náà sí awẹ́ ni.