Omi Ẹ̀yìn Ògiri: Bí Wọ́n Ṣe Ń La Ọ̀nà fún Un

Bí ògiri tó ń dá yẹ̀pẹ̀ dúró lẹ́bàá títì tàbí lẹ́nu afárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn síta, omi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Omi tó bá kó jọ sẹ́yìn ògiri tó sì ga tó mítà 3 á máa tì í pẹ̀lú agbára tọ́ọ̀nù 4 àti ààbọ̀ lórí gbogbo mítà kan gígùn rẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ tó ga tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà tì í tó ìyẹn.

Henri Vidal, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé ọ̀kan nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀ jáde ní 1963. Wọn á tẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi síńkì bò sínú yẹ̀pẹ̀ ní ìpele ìpele, wọn á sì so ó mọ́ pákó kọnkéré tó wà níwájú. Bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń tẹ irin náà ló fi ń dì í mú. Ibí yìí gan-an ni omi ti ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá ń fa omi ní kànga mọ̀ pé korobá fúyẹ́ nígbà tó ṣì wà nínú omi, ìgbà tó bá yọ ló ń wúwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni wóró yẹ̀pẹ̀ tó rì sínú omi ṣe ń fúyẹ́: kò lè tẹ irin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìdìmú á sì dẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kó yẹ̀pẹ̀ kan ṣáá sẹ́yìn rẹ̀. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ni pé kí wóró tó kéré ju mìlímítà 0.075 má ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Yẹ̀pẹ̀ pupa ilẹ̀ wa sábà máa ń ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà nítòsí lóòótọ́, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, àmọ́ tó bá mu omi tán, kì í tètè tú u sílẹ̀.

Omi tó ń ti inú òkè bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ dúró dè, lóòró, lẹ́yìn yẹ̀pẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀. Omi á já gba ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, á bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ mìíràn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, á wá wọ páìpù oníhò tó dà gẹ̀rẹ́ síta. Aṣọ geotextile, èyí tó ń jẹ́ kí omi kọjá àmọ́ tó ń dá yẹ̀pẹ̀ dúró, ni wọ́n fi ń wé òkúta náà, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Bí asẹ́ ògì ló rí: bí ojú aṣọ bá fẹ̀ jù, èérí á bá ògì lọ, bó bá há jù, ọjọ́ á kanrí kí omi tó kán tán. Yẹ̀pẹ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò kí wọ́n tó mú aṣọ, kì í ṣe èyí tó bá wà lọ́jà. Wọ́n tún ń lẹ irú aṣọ yìí mọ́ ẹ̀yìn ojú ìpàdé pákó kọnkéré kọ̀ọ̀kan, torí bí iyanrìn bá ń jò níbẹ̀, ilẹ̀ òkè á jìn.

Ti òjò kò le tó ìyẹn: gọ́tà lórí ògiri, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà sínú gọ́tà ọ̀hún. Páìpù omi ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ gba àárín irin kọjá, nítorí ọjọ́ tó bá bẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ pàápàá, kí wọ́n tó ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, wọn á mú kí ojú yẹ̀pẹ̀ dà sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ pákó, kí òjò òru má baà gbẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹnu páìpù ló kù láti máa bójú tó, torí koríko àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kì í pẹ́ dí i. Lẹ́yìn òjò ńlá, bí omi tó mọ́ bá ń kán níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ omi ẹrẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ti ń bá a lọ. Bí ẹnu páìpù bá gbẹ tí ojú ògiri sì ń sun omi, ó ti dí nínú, kí wọ́n sì wá ẹnjiníà lọ́jọ́ náà.