Ààbò onípele, àti iná tó lọ ní Gánà

Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya gba inú sọ́fúwíà owó-orí ilẹ̀ Ukraine wọ Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tí kọ̀ńténà rẹ̀ kún Àpápá. Kọ̀ǹpútà kú lọ rẹrẹẹrẹ káàkiri ayé. Èyí tó dùn wọ́n jù ni àwọn server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, tó ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀, tó ń sọ pé lágbájá lè wọ ibí, tàmẹ̀dò ò gbọdọ̀ dé ọ̀hún. Wọ́n tó 150, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀dà àwọn yòókù, torí èrò wọn ni pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù á gbé e dìde. Gbogbo wọn ló lọ lọ́jọ́ kan náà, àfi ẹyọ kan ní ọ́fíìsì Gánà: iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé.

Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára tó láti tètè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́, kò sì sí òṣìṣẹ́ Gánà tó ní físà ìlú Ọba. Ni ẹnì kan bá gbé hard disk náà wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, onítọ̀hún ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ará Èkó tó bá gbọ́ á rẹ́rìn-ín pé iná tó lọ ṣe ẹnìkan lóore. Ṣùgbọ́n orí ló kó wọn yọ, kì í ṣe ètò.

Ètò tó yẹ kó kó wọn yọ là ń pè ní ààbò onípele. Ó túmọ̀ sí pé a ò gbára lé ìdènà kan ṣoṣo. A ti gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀tá á wọlé. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé, tó bá wọlé, ibo ló lè dé, ta ló máa kọ́kọ́ rí i, kí la ó fi dìde?

Àwọn kan rò pé àtúnṣe Windows ti tó. Láti oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde fún ihò tí NotPetya ń gbà tàn. Síbẹ̀, ẹni tó ti ṣàtúnṣe náà kó sí i, torí kọ̀ǹpútà kan péré tí wọ́n gbàgbé ti tó. Kòkòrò náà á wọ ibẹ̀, á ṣa password tó wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀ jọ, á wá fi wọ àwọn yòókù bí ẹni pé onílé ló dé.

Ẹ mú ọ́fíìsì kan ní Broad Street: kọ̀ǹpútà 12, server kan. Printer ọ̀dọ̀ agbàlejò ò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fi password server wọlé sórí kọ̀ǹpútà agbàlejò náà, ó tún printer ṣe, ó bá tirẹ̀ lọ. Password yẹn lè wà nínú mẹ́mọ́rì níbẹ̀ títí wọ́n á fi pa kọ̀ǹpútà náà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣí ímeèlì gbogbo ayé. Oògùn rẹ̀ ò gbówó: kí ọ̀gá náà ní orúkọ ìwọlé mẹ́ta, ọ̀kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ọ̀kan fún títún kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ṣe, ọ̀kan fún server nìkan. Kí kámẹ́rà ògiri àti Wi-Fi àlejò má bá kọ̀ǹpútà àwọn oníṣirò owó pín ojú ọ̀nà kan náà. Kí ímeèlì máa béèrè kóòdù kejì, èyí tí áàpù ń gbé jáde, torí ti SMS ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá fi nọ́ńbà yín gba SIM tuntun.

Ti ímeèlì tó ní “a ti yí àkáǹtì báńkì wa padà”, ẹnu ló ń tú u fó. Ẹ pe ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú ímeèlì.

Orí ẹ̀dà fáìlì yín (backup) gan-an ló yẹ kí owó yín wà. Òfin rẹ̀ ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níta ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ á ní àwọn ní ẹ̀dà. Ẹ dé ibẹ̀, hard disk náà wà lẹ́yìn server, wọn ò fa okùn rẹ̀ yọ láti ọdún tó kọjá. Ohun tó bá bá server jà á bá òun náà jà. Ẹ ra méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ so èkejì, kí èyí tí ẹ yọ sọdá Afárá Èkó lọ sùn sí Súrùlérè. Iná tó bá jó lọ́jà Balógun ò ní bá a níbẹ̀. Ẹ fi BitLocker, irinṣẹ́ Windows tó ń fi kóòdù ti hard disk, tì í nítorí àwọn olè inú go-slow, ṣùgbọ́n ẹ kọ kóòdù tó ń ṣí i sórí ìwé. Àwọn kan ń fi í pamọ́ sínú server tí wọ́n fẹ́ fi jí dìde! Google Drive tó ń bá kọ̀ǹpútà rìn nìkan ò tó, torí fáìlì tó bàjẹ́ nílẹ̀ náà ló máa gbé lọ sókè. Ọ̀tá sì lè ti pẹ́ nínú ilé kó tó ṣọṣẹ́, nítorí náà ẹ má pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ fi ẹ̀dà gbé server dìde lórí kọ̀ǹpútà tó ṣófo, kí ẹ sì wo aago. Wákàtí mẹ́fà yàtọ̀ sí ọjọ́ mẹ́rin.

Ti orílẹ̀-èdè ò yàtọ̀, ó kàn tóbi ni. Estonia, tí wọ́n da íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rú ní 2007, bá Luxembourg ṣàdéhùn ní 2017 láti tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìjọba rẹ̀ síbẹ̀, lábẹ́ àṣẹ tirẹ̀, bí ilé aṣojú. Ní Nàìjíríà, òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní kí ẹni tí wọ́n bá kọlù fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí láàárín wákàtí 72. Ìtìjú ń mú kí àwọn kan fi bò. Bẹ́ẹ̀ ìròyìn yín ló lè jẹ́ kí báńkì kan ní Marina dí ihò tí wọ́n gbà wọlé sí yín n'Íkẹjà.

Ìwé kan ló kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ change-over, torí lọ́jọ́ náà kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ṣí: nọ́ńbà ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ti báńkì, ti ngCERT, orúkọ ẹni tó láṣẹ láti ní kí gbogbo ọ́fíìsì dáwọ́ dúró. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà: ẹ fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì yọ, ẹ pa Wi-Fi, ẹ má pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti yà á sọ́tọ̀, torí ẹ̀rí tó wà nínú mẹ́mọ́rì ń bá iná lọ.