Ẹni Tó Rí Ọ Níbi Iṣẹ́ Ni Kó Kọ Lẹ́tà Rẹ

Tó bá ti di oṣù Karùn-ún, fóònù mi kì í sinmi. Oṣù yẹn ni AADSAS máa ń ṣí, ìyẹn ìkànnì tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń gba fọ́ọ̀mù. (Ẹ̀yin ará Houston, ẹ rántí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Texas ní ìkànnì tiwọn, TMDSAS.) Ìgbà náà ni àwọn tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tí a jọ ń ṣèpàdé ọmọ ìlú máa ń rántí pé dókítà eyín kan wà láàárín wọn. "Dókítà, ẹ dákun, lẹ́tà lọmọ mi ń wá o. Wọ́n fẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Lẹ́tà tí wọ́n ń sọ ni èyí tí ẹni tó mọ ọmọ náà fi ń jẹ́rìí rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wọ̀.

Mo mọ ọmọ náà dáadáa. Mo jẹ ìrẹsì níbi ìsọmọlórúkọ àbúrò rẹ̀. Àmọ́ n ò rí i níbi iṣẹ́ rí. Kí wá ni kí n kọ?

N kì í dá àwọn òbí lẹ́bi. Ẹni tó bá kàwé nílé kò lè mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà. Bó o bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn eyín ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Ifẹ̀, máàkì JAMB, ìdánwò tí yunifásítì fúnra wọn ṣe àti èsì WAEC ni wọn yóò wò. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ọ̀dọ̀ dókítà eyín wo lo ti jókòó rí. Níhìn-ín, wàá kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wàá ṣe DAT, ìyẹn ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín, lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù, kó tó wá kan ọdún mẹ́rin ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín gan-an. Nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó mọ̀ ọ́ àti ohun tójú rẹ ti rí.

Lẹ́tà mẹ́rin ni AADSAS fàyè gbà, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fẹ́ ni lẹ́tà olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì àti ti dókítà eyín kan. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìgbìmọ̀ tó máa ń kọ lẹ́tà kan ṣoṣo lórúkọ gbogbo àwọn olùkọ́. Bí tìrẹ bá ní in, tí o kò sì lò ó, wọ́n lè bi ọ́ pé kí ló dé. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í ṣe ti èkejì, nítorí náà ka ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ìkànnì wọn.

Ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀ ni pé a fẹ́ràn ẹni ńlá. Pásítọ̀ àgbà, sẹ́nétọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ dádì, ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò fẹ́ lẹ́tà ẹbí tàbí ti ọ̀rẹ́ ẹbí. Lẹ́tà ẹni ńlá tí kò mọ̀ ọ́ sì lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ju kó má sí lẹ́tà lọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí èmi náà ń wá ọ̀nà àtiwọlé, mo lọ bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó lórúkọ, èmi àti ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ la jọ wà ní kíláàsì rẹ̀. Ó ní kò burú. Ọjọ́ tí mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹni tó ń bi mí léèrè wo ìwé iwájú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pè mí ní ọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dé òpin. Orúkọ Yorùbá ṣá ni, kì í sọ fún òyìnbó bóyá obìnrin ló ń jẹ́ ẹ tàbí ọkùnrin, olówó orí mi sì ń jẹ́ irú rẹ̀ náà. Ìlà márùn-ún ni gbogbo lẹ́tà ọ̀hún.

Láti ìgbà yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa ni pé kí wọ́n kọ ojú ìwé kan fún ẹni tó máa kọ lẹ́tà: bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ, bóyá obìnrin ni ọ́ tàbí ọkùnrin, iṣẹ́ tí o ṣe ní kíláàsì rẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ eyín lo yàn, àti ọjọ́ tí o fẹ́ kí lẹ́tà wọlé. Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Má kàn bi í pé, "Ṣé ẹ lè kọ lẹ́tà fún mi?" Bi í pé, "Ṣé ẹ rò pé ẹ mọ̀ mí tó láti kọ lẹ́tà tó lágbára?" Bó bá ń fà á, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì máa bá tìrẹ lọ, oore ló ṣe ọ́. Lẹ́tà náà kì í gba ọwọ́ rẹ kọjá. Ímeèlì rẹ̀ lo máa kọ sínú fọ́ọ̀mù, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́, bó bá sì ti wọlé, kò sí pé o fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á tún bi ọ́ bóyá wàá fi ẹ̀tọ́ tí òfin ọdún 1974 fún ọ láti ka lẹ́tà náà sílẹ̀. Fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé o máa kà á, wọn ò ní ka ìyìn inú rẹ̀ sí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bèèrè ẹ̀dà.

Ti títẹ̀lé dókítà, tí wọ́n ń pè ní shadowing, ni mo fẹ́ràn jù láti sọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan á ní wákàtí 50, òmíràn á ní 100, àwọn kan ò tiẹ̀ dá iye. Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú eyín tìrẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà, máa pe àwọn tó wà ládùúgbò, ṣùgbọ́n má pè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Gbogbo ẹni tí eyín dùn mọ́jú lópin ọ̀sẹ̀ ló ń pè nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ máa kọ̀ nítorí òfin HIPAA ọdún 1996 tó dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Sọ fún wọn pé o ṣe tán láti tọwọ́ bọ̀wé, pé o sì ti gba àjẹsára hepatitis B. Bí o bá pe mẹ́wàá tí ẹnì kan gbà, o ti rí ṣe.

Tó o bá wá dé ọ̀dọ̀ wa: bàtà tó bo ẹsẹ̀, èékánná kúkúrú, má fín lọ́fínńdà. Fóònù wà nínú báàgì. Má fọwọ́ kan aláìsàn, má fọwọ́ kan irinṣẹ́. Bí mo bá ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́, má ṣe fajú ro, nítorí ojú rẹ ni aláìsàn ń wò. Ìbéèrè di ìgbà tí ó bá ti jáde. Kí o sì kí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó o bá lọ tán, àwọn ni mo máa bi léèrè irú ẹni tí o jẹ́.

Wo ọwọ́, má wo aago. Ọjọ́ tí mo bá ń tọ́jú gbòǹgbò eyín, wàá rí i tí mo na rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ẹnu, tí eyín kan ṣoṣo yọrí jáde bí òkúta láàárín odò. Bi ara rẹ pé kí ni rọ́bà yẹn ń ṣe níbẹ̀. Kò jẹ́ kí itọ́ wọ inú eyín, kò sì jẹ́ kí irinṣẹ́ kékeré já sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó kọ irú nǹkan yìí sínú ìwé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú déètì àti iye wákàtí, láìkọ orúkọ aláìsàn, máa ní ọ̀rọ̀ sọ níwájú ìgbìmọ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún méje kan pa ẹnu dé, kò là á. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀, ó bèèrè dígí kékeré lọ́wọ́ mi, ó fi wo eyín tara rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà bá òun kà á. Wọ́n ka méje kí ọmọ tó yanu. Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀. Pé ó tún máa ń di irun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo fi kún un. Ìka tó ń di irun wẹ́wẹ́ kì í ṣe ìka lásán.

Ọ̀dọ̀ dókítà eyín gbogbogbòò ni kí wákàtí rẹ pọ̀ sí jù, kó o wá yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń fa eyín níṣẹ́ abẹ, ẹni tó ń tọ́jú ọmọdé, àti kílíníìkì tí àwọn tí kò lówó ń lọ. Yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eyín náà. Ibẹ̀ lo ti máa rí ọmọ Yorùbá tó ń sanwó kí wọ́n bá òun dí èjí, tí ìyá àgbà rẹ̀ sì ń sunkún lórí fóònù láti Ọ̀ṣogbo. Bó bá jẹ́ bùrọ̀dá ìyá rẹ ni dókítà eyín, tẹ̀lé e, àmọ́ gba lẹ́tà níbòmíràn. Má sọ wákàtí 40 di 100. Nọ́ńbà dókítà wà nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì lè pè é.

Ẹni tó ti gba oyè dókítà eyín nílé kó tó wá síbí, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, CAAPID ni ìkànnì tiwọn. A ó sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè mí lóṣù Karùn-ún ọjọ́sí, n ò kọ lẹ́tà fún un. Mo ní kó máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Ó dé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.